Iṣẹ́ Ẹlẹ́dìn-ínwó Lórí Òfì: Ṣé Kí Á Gbà Á Tàbí Kí Á Dá A Padà?

  

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí kò jáde láti inú tírà. Ìbéèrè ni ó bí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti kéwú lọ́dọ̀ mi, tí ó ń bá bàbá rẹ̀ mójú tó òfì báyìí, ni ó wá bá mi lẹ́yìn ìrun Àlásárì. Ó ní, "Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ kan. Alhájà kan láti Èkó ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ó fẹ́ ìdì aṣọ-òfì 20 fún ẹbí. ₦20,000 ni à ń ta ìdì kan, ṣùgbọ́n Alhájà ní ₦16,000 ni òun yóò san. Bàbá ní kí á dá a padà, pé ìdì kan ń ná wa tó ₦17,000 kí ó tó kúrò lórí òfì, àti pé ta ni í ṣiṣẹ́ kí ó lè jẹ gbèsè. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí á gbà á, pé ọjà tí kò tà ni kò dára. Láti àná ni wọn kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀."

(Mo ti yí àwọn iye owó náà padà kí ìṣirò lè rọrùn, kí ẹnikẹ́ni má sì lè nawọ́ sí ilé tí mo ń sọ.)

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò kan ilé kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ nínú agboolé ní Ìlọrin bí kéwú ti pọ̀. Aṣọ-òfì wà lórí òfì ní ilé púpọ̀, àwọn ìyá wa ń mọ ìkòkò ní Dada àti ní Òkèlele, bẹ́ẹ̀ ni àwọn aránṣọ àti oníbúrẹ́dì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹnìkan kò ní wá bá lọ́jọ́ kan pé, "Mo fẹ́ rà púpọ̀, ẹ dín owó rẹ̀ kù fún mi." Ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ yóò dá ohun tí yóò ṣe é láǹfààní padà, tàbí kí ó fi ẹ̀rín gba ohun tí yóò ba ilé rẹ̀ jẹ́.

KÍ NI Ó WÀ NÍNÚ ₦17,000?

Mo bi ọmọ náà pé, "₦17,000 tí bàbá sọ yìí, kí ni ó wà nínú rẹ̀?" Ó ní òwú ìdì kan jẹ́ ₦9,000. Ahunṣọ ń gba ₦5,000, nítorí pé iye ìdì tí olúkúlùkù bá hun ni wọ́n fi ń sanwó fún un. Méjèèjì di ₦14,000. Mo ní, "₦3,000 tí ó kù ńkọ́?" Ó ronú díẹ̀. Ó ní owó ilé ni: owó tí wọ́n fi háyà ibi tí òfì wà, owó oṣù ọ̀gá tí ń kọ́ àwọn ọmọ-iṣẹ́, àti ti ọdẹ tí ń ṣọ́ ibẹ̀ lóru. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦120,000 lóṣù. Ìdì 40 ni wọ́n ń hun lóṣù, nítorí náà bàbá pín ₦120,000 sí ọ̀nà 40, ó sì kan ìdì kọ̀ọ̀kan ní ₦3,000.

Bàbá kò ṣìṣe nínú ìṣirò rẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ wa ń gbé ara rẹ̀ láti ọdún dé ọdún, bí ó ti yẹ kí á ṣírò rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí Alhájà gbé wá yàtọ̀. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni pé: bí a bá gba iṣẹ́ yìí, owó wo ni yóò wọlé tí kì bá tí wọlé, owó wo ni yóò sì jáde tí kì bá tí jáde? Onílé kò ní fi kọ́bọ̀ kún owó ilé rẹ̀ nítorí pé a hun ìdì 60 dípò 40. Ọdẹ kò ní gba ju iye tí ó ń gbà lọ. ₦120,000 náà yóò jáde bí Alhájà wá, bí kò wá. Ìdì 40 tí wọ́n ń tà tẹ́lẹ̀ ti san án tán.

A tún gbọ́dọ̀ bèèrè bóyá ààyè wà. Ọmọ náà ní òfì tí àwọn ní lè hun ìdì 60 lóṣù bí iṣẹ́ bá wà. Èyí fi hàn pé agbára ìdì 20 ń ṣòfò. Àwọn ọmọ tí ó yẹ kí ó wà lórí òfì wọ̀nyẹn ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n ń ṣe ayò.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ìdì 20 ní ₦16,000 jẹ́ ₦320,000. Òwú àti owó ahunṣọ, ₦14,000 lọ́nà 20, jẹ́ ₦280,000. Ó ku ₦40,000. Alhájà fẹ́ kí wọ́n bá òun gbé e dé Èkó, owó ọkọ̀ ẹrù jẹ́ ₦10,000. Ó ku ₦30,000. Èrè ilé náà lóṣù, kí Alhájà tó wá, jẹ́ ₦120,000. Bí wọ́n bá gba iṣẹ́ yìí, yóò di ₦150,000. Iṣẹ́ tí bàbá rò pé òfò ₦20,000 ni yóò jẹ́, èrè ₦30,000 ni ó wà nínú rẹ̀. Kí á má sì gbàgbé àwọn tí ń ṣe ayò: ₦100,000 ni yóò bọ́ sí ọwọ́ àwọn ahunṣọ nínú iṣẹ́ náà. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ èrè olówó, a máa ń fo ìyẹn.

Awakọ̀ tí ó já ẹrù sí Èkó mọ ẹ̀kọ́ yìí láìjẹ́ pé ó lọ sí ilé-ìwé. Bí ó bá ń padà bọ̀ sí Ìlọrin pẹ̀lú ọkọ̀ òfìfo, ó máa ń gba ẹrù ní owó tí kò ní gbà nígbà tí ó ń lọ. Epo tí yóò fi padà, dandan ni. Ohun tí ó bá rí lé e, èrè ni. Àwọn ìyá tí ń mọ ìkòkò náà mọ̀ ọ́n: bí iná tí a fẹ́ dá bá ṣì ní ààyè, ìkòkò díẹ̀ tí a bá fi kún un kò ní jẹ igi púpọ̀ mọ́.

NÍGBÀ TÍ 20 DI 30

Mo ti fẹ́ máa dá ọmọ náà padà sí ilé pẹ̀lú ìdáhùn pé kí wọ́n gbà á. Ní ọjọ́ kejì ó tún wá. Alhájà ti fi nǹkan kún un: ẹbí ọkọ náà fẹ́ ra tiwọn, ó ti di ìdì 30, ₦16,000 náà ni, nínú oṣù kan náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń yọ̀ nílé. Ó ní bí 20 bá mú ₦30,000 wá, 30 yóò mú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣubú. Òfì kò lè hun ju 60 lọ. 40 ti ní olówó. Bí wọ́n bá gba 30, ìdì 10 nínú ti àwọn oníbàárà àtijọ́ yóò kúrò lórí òfì. Ìdì kọ̀ọ̀kan tí a bá tà fún oníbàárà àtijọ́ ní ₦20,000, lẹ́yìn òwú àti owó ahunṣọ, ń fi ₦6,000 sílẹ̀ fún wa. Ti Alhájà ń fi ₦2,000 péré sílẹ̀. Nítorí náà: ₦2,000 lọ́nà 30 jẹ́ ₦60,000, a yọ owó ọkọ̀ ₦10,000, ó ku ₦50,000. Ohun tí a pàdánù lórí ìdì 10 tí a tì kúrò jẹ́ ₦60,000. Iṣẹ́ ti pọ̀ sí i, aṣọ ti pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ₦10,000 ti dín nínú èrè ilé. Bí ó bá jẹ́ 20 ni wọ́n gbà tí wọ́n dúró síbẹ̀, wọn ìbá fi ₦30,000 lé èrè wọn.

Bí Alhájà bá ní 30 ni òun fẹ́ nínú oṣù kan dandan, iye tí ó kéré jù tí wọn lè gbà ni èyí tí yóò san òwú àti iṣẹ́ (₦420,000), owó ọkọ̀ (₦10,000), àti èrè tí wọ́n fi du ara wọn (₦60,000). Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦490,000. Bí a bá pín in sí 30, ó lé díẹ̀ ní ₦16,333 fún ìdì kọ̀ọ̀kan. Ní iye yìí gan-an, wọn kò jèrè, wọn kò sì pàdánù.

Bẹ́ẹ̀ ni ìṣirò wí. Ṣùgbọ́n mo bi í pé, "Àwọn 10 tí ẹ fẹ́ tì kúrò yẹn, ṣé wọ́n ti san àsansílẹ̀?" Ó ní wọ́n ti san án, ẹ ti dá ọjọ́ fún wọn. Mo ní ọ̀rọ̀ wọn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ₦6,000 nìyẹn. Ibi tí Suuratul-Mā'idah ti bẹ̀rẹ̀ ni àṣẹ pé kí àwọn onígbàgbọ́ mú àdéhùn wọn ṣẹ. Kò sí owó tí Alhájà lè fi kún tirẹ̀ tí yóò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ fún wa láti já ẹni tí ó ti fi owó rẹ̀ lé wa lọ́wọ́ kulẹ̀, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá gbà láti dúró. Mo sọ èyí tọkàntọkàn, nítorí pé "ẹ lọ, ẹ padà wá lọ́tùnla" ti di àrùn lára àwa oníṣẹ́ ọwọ́, aránṣọ àti ahunṣọ ni ó sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn jù. Èmi fúnra mi ti kírun ọdún Iléyá rí nínú aṣọ àtijọ́, nígbà tí tuntun wà lọ́dọ̀ aránṣọ kan tí ó gba iṣẹ́ tí ó ju agbára rẹ̀ lọ.

BÍ ÀWỌN ONÍBÀÁRÀ ÀTIJỌ́ BÁ GBỌ́ ŃKỌ́?

Ìlọrin kò tóbi. Ẹni tí ó ń ra ìdì kan ní ₦20,000 lè gbọ́ pé ẹnìkan rà á ní ₦16,000. Bí ó bá ní iye yẹn ni òun náà yóò san, ₦4,000 ti lọ lórí ìdì kan. Bí 8 péré nínú 40 bá ṣe bẹ́ẹ̀, ₦32,000 ni yóò lọ, èrè ₦30,000 tí a ń yọ̀ lé lórí ti parẹ́, ó tilẹ̀ ti fà wá sẹ́yìn. Èyí kì í hàn nínú ìwé ìṣirò, òun sì ni ó yẹ kí bàbá bẹ̀rù ju ₦17,000 rẹ̀ lọ.

Ǹjẹ́ ó tọ́ kí mùsùlùmí ta ọjà kan náà ní iye méjì? Ó tọ́. Ìfẹ́-inú olùtà àti olùrà ni òwò dúró lé, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú aaya 29 Suuratun-Nisā'. Nígbà tí ọjà wọ́n ní Mọdínà tí àwọn ènìyàn ní kí Ànábì (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) bá àwọn fi iye kan lé ọjà, kò gbà. Ẹni tí ó ra 20 lẹ́ẹ̀kan, tí ó sanwó lójú ẹsẹ̀, kò dọ́gba pẹ̀lú ẹni tí ó ra ẹyọ kan. Ohun tí kò tọ́ ni irọ́. Bí oníbàárà bá bi wá, a kò gbọdọ̀ búra pé a kò tà á fún ẹnikẹ́ni rí ní iye tí ó kéré sí èyí. Kí á sọ òtítọ́ pé tirẹ̀ pọ̀, ó sì sanwó ṣáájú. Ohun tí ó dára jù ni kí ahunṣọ fún iṣẹ́ àkànṣe ní àwọ̀ àti ọnà tirẹ̀, èyí tí kò sí lára àwọn tí ó ń tà lójoojúmọ́, kí ó má baà sí ẹni tí yóò fi ọ̀kan wé èkejì.

Àwọn tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà ńkọ́? Imāmu Mālik gbé e wá nínú Muwaṭṭa' pé Sàyídínà Umar kọjá lọ́dọ̀ Ḥāṭib ọmọ Abū Balta'ah tí ó ń ta èso àjàrà gbígbẹ lọ́jà. Umar ní kí ó fi kún owó ọjà rẹ̀, tàbí kí ó gbé e kúrò ní ọjà wọn. Àwọn mìíràn gbé ìtàn náà wá pẹ̀lú àfikún pé Umar ronú lé e lẹ́yìn náà, ó lọ bá Ḥāṭib nílé, ó sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé òun kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe òfin, kí ó tà á bí ó ti fẹ́. Àwọn onímọ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí èyí. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ fún wa ni pé ẹ̀dínwó kì í ṣe èèwọ̀, ṣùgbọ́n owó tí ẹnìkan ń pè lọ́jà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òun nìkan. Láti dín owó nítorí pé òfì wa ṣófo, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n kí á gbọ́ pé Alhájà ti bá ẹlòmíràn ní àdúgbò ṣe àdéhùn, kí á sá lọ bá a pé tiwa kò tó bẹ́ẹ̀, Ànábì kọ èyí fún wa: kí ẹnìkan má tà lé títà arákùnrin rẹ̀ lórí.

Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà tún ní, "Bí ₦16,000 bá ń mú èrè wá, kí ló dé tí a kò máa tà á bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé, kí òfì wa kún?" Ìbéèrè tí ó dára ni. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìdì 60, ₦2,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦120,000 ni. Owó ilé gan-an jẹ́ ₦120,000. Wọn yóò ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ní gbogbo oṣù, bàbá kò sì ní mú kọ́bọ̀ lọ sílé. Iṣẹ́ Alhájà lè dín owó nítorí pé àwọn 40 ń san owó ilé. Ní ọjọ́ tí kò bá sí àwọn 40 mọ́, ₦16,000 di ọ̀nà ìparun. Ibn Khaldūn, nínú Muqaddimah tí ó kọ ní 1377, fi orí kan sọ pé bí owó ọjà kan bá dínkù tí ó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tí ń fi ọjà náà jẹun a máa jẹ owó òwò wọn tán. Ẹni tí ó ń gbé láàárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni ó lè kọ bẹ́ẹ̀.

ÀDÉHÙN NÁÀ FÚNRA RẸ̀

Aṣọ tí a kò tíì hun ni à ń tà yìí, nítorí náà Ṣàríà ní ọ̀rọ̀ sọ sí i. Nígbà tí Ànábì dé Mọdínà, ó bá wọn tí wọ́n ń san owó èso sílẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì. Kò kọ̀ ọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n ó ní kí òṣùwọ̀n rẹ̀ di mímọ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ sì di mímọ̀. Èyí ni à ń pè ní salam. Nínú mas-habi Mālik tí à ń tẹ̀lé, abẹ́ salam ni wọ́n fi iṣẹ́ bí èyí sí: kí a san owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí ó pẹ́ tán kí ó má ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, kí a sì júwe ọjà náà. Ẹni tí ó bá ti ka Risālah Ibn Abī Zayd nílé-kéwú yóò rántí pé ọjọ́ 15 ni ó fẹ́ràn fún àkókò rẹ̀. Àwọn onímas-habi Abū Ḥanīfah sọ ọ́ di àdéhùn ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń pè ní istiṣnā', èyí tí kò fi dandan kí owó pé lẹ́ẹ̀kan. Ní 1992, ìgbìmọ̀ onímọ̀ fiqhi àgbáyé tí ó jókòó ní Jiddah fi ẹsẹ̀ istiṣnā' múlẹ̀: ó di dandan fún ẹni méjèèjì bí ìlànà rẹ̀ bá pé, a sì lè san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ààbọ̀ owó tí à ń gbà sílẹ̀ ní Ìlọrin ní ibi tí ó fi ẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kí á kọ ọ́ sílẹ̀: àwọ̀, irú òwú, ìbú àti gígùn, iye ìdì, ọjọ́, àti ẹni tí yóò san owó ọkọ̀. Aaya 282 Suuratul-Baqarah ni ó gùn jù nínú Àlùkùránì, lórí kíkọ ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ ni ó sì wà. Bí àsansílẹ̀ náà kò bá tó ra òwú, tí ó jẹ́ pé owó èlé ni a fẹ́ lọ yá láti fi bẹ̀rẹ̀, kí á fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ohun kan wà tí ọmọ náà sọ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ní ẹnìkan gba àwọn níyànjú pé kí wọ́n gba iṣẹ́ náà, kí wọ́n wá hun ún fẹ́lẹ́, kí wọ́n sì fi òwú tí kò dára tó bẹ́ẹ̀ sí inú rẹ̀, pé ará Èkó kò ní mọ̀. Mo ní kí ó lọ ka Suuratul-Muṭaffifīn kí ó tó sùn. Bí ẹ bá fẹ́ lo òwú tí kò wọ́n, ẹ fi í han Alhájà kí ó fọwọ́ kàn án, kí ó sì gbà. Bí ẹ kò bá fi hàn án, olè ni, ẹ̀dínwó kọ́.

Wọ́n pe Alhájà lọ́jọ́ kẹta. Wọ́n ní 20 ni òfì lè gbé nínú oṣù yìí, 10 yóò tẹ̀lé e ní oṣù tí ń bọ̀, nígbà tí wọn kò tíì gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni sí ààyè náà. Bàbá fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún un pé kí ó san owó ọkọ̀ lé e, ó sì gbà, nítorí pé ẹbí ọkọ kò tètè nílò tiwọn. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, kò sí ẹni tí ń ṣe ayò ní ẹ̀gbẹ́ títì.